Ìpolówó Ọjà Tí Apá Rẹ Yóò Ká

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Ìkànnì mẹ́rin lo fẹ́ máa fi polówó, bẹ́ẹ̀ ìwọ nìkan lo ń ṣe ọjà, ìwọ lo ń dì í, ìwọ náà lo ń gbowó. Apá ẹnì kan kò lè ká a. Fi mẹ́ta sílẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń rà lọ́wọ́ rẹ ti máa ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni kí o dì mú, kì í ṣe ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń gbayì.

Kí o tó polówó rárá, wá ìwé àkọsílẹ̀ kan. Pín ojú ewé rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún: orúkọ oníbàárà, nọ́mbà fóònù, ohun tó rà, ọjọ́ tó rà á, àti ibi tó ti gbọ́ nípa rẹ. Ọ̀nà karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Bi gbogbo ẹni tuntun pé, "Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Tí o bá ti kọ tó ènìyàn 30 sílẹ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi tí ọjà ti ń wọlé ní tòótọ́. Bí olè bá sì gba WhatsApp rẹ, orúkọ àwọn oníbàárà rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. (Jọ̀ọ́, lọ sínú Settings WhatsApp lónìí, sí ibi tí wọ́n kọ "Two-step verification" sí, kí o fi PIN onínọ́mbà mẹ́fà síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n.)

Àwọn tó ti rà rí ni kí o kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́. Mọ bí ọjà rẹ ṣe ń pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bí ó bá ń tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ keje ni kí o kọ̀wé sí i, kó tó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Pe orúkọ rẹ̀, dárúkọ ohun tó rà, kí o sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí o bá ń lo broadcast WhatsApp, tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn 256 ni àkójọ kan ń gbà, ẹni tó bá sì ti fi nọ́mbà rẹ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ránṣẹ́ tí wọn kì í gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá rajà ni kí o ti ní kí wọ́n fi nọ́mbà rẹ pamọ́, kí o sì gba àyè lọ́wọ́ wọn láti máa ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní ó tó, yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fi ẹjọ́ nọ́mbà kan sùn, WhatsApp lè tì í pa.

Ya ìdajì ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tí o máa gbé jáde, kí o má baà máa ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí o ti yà á, lójú ọ̀sán, láìtan iná fóònù. Mẹ́ta tó fún ọjà kan: odindi rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti hàn, àti ìgbà tó wà lọ́wọ́ ènìyàn, kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò fara mọ́ "ẹ bi wá ní ìkọ̀kọ̀" yẹn rárá. Ẹni tí kò bá rí iye owó sábà máa ń kọjá lọ ni, àwọn tó bá sì béèrè yóò gba àkókò rẹ.

Ní ti ìpolówó tí a ń sanwó fún, má sanwó kí o tó mọ èrè tí ò ń jẹ lórí ọjà kan. Ká ní o ná 10,000, tí oníbàárà tuntun 5 sì rà, 2,000 lo ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí èrè rẹ bá jẹ́ 1,500, àdánù ni, àfi bí ìwé rẹ bá fi hàn pé irú wọn máa ń padà wá rà. Má ka iye ẹni tó tẹ "like" mọ́ ọn. Tí o bá fẹ́ ṣàtúnṣe, pààrọ̀ fọ́tò tàbí ọ̀rọ̀, kì í ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí o kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Bí o bá ní ṣọ́ọ̀bù, fi í sórí Google Business Profile, ibi tí àwọn tó ń wá ṣọ́ọ̀bù lórí Google ti lè rí tìrẹ; ọ̀fẹ́ ni. Kọ wákàtí tí o ń ṣí síbẹ̀, kí o sì máa tún un ṣe nígbà ìsinmi.

Tí o bá ti kọ ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé náà tán, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bo orúkọ àti nọ́mbà àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ o. Ọ̀nà karùn-ún nìkan ni mo fẹ́ bá ọ yẹ̀ wò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ