Ẹ wo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kí ẹ tó wo orúkọ yunifásítì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí tó àwọn òbí létí. Àwọn ọmọ tó gba máàkì tó dára nínú ìdánwò JAMB ń fi ọdún ṣòfò nílé torí pé Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó nìkan ni bàbá wọn fẹ́. Òótọ́ ni pé orúkọ ńlá máa ń fún èèyàn ní ojúlùmọ̀. Àmọ́ orúkọ kò lè gba ẹ̀ka tí kò ní ìfọwọ́sí sílẹ̀.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ń yẹ̀ wò. Ìfọwọ́sí kíkún ń lo ọdún 5, ti ìgbà díẹ̀ ń lo ọdún 2. Ẹ wá ẹ̀ka náà lórí ìkànnì NUC kí ọmọ tó kọ fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ òfin, ẹ béèrè iye àyè tí Law School, níbi tí ẹni tó gboyè òfin ti ń kọ́ṣẹ́ kó tó di agbẹjọ́rò, fún ilé ìwé náà. Bí wọ́n bá gba ọmọ ju iye yẹn lọ, àwọn kan á gboyè tán, wọn á sì tún máa dúró de àyè. Fún ìṣègùn, ọ̀dọ̀ MDCN, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà, ni kí ẹ ti béèrè. Fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, COREN, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kì í pe ẹni tí èsì rẹ̀ kò tó second class upper, ìyẹn 3.50 lórí 5.00, ibi yòówù kó ti kàwé.

Ó yẹ kí yunifásítì gbogbo máa kọ iye àyè wọn sínú ìpolówó ìgbaniwọlé.

Olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta