Àwo tí onígìtá béèsì ṣà jọ

Oakland, Kalifóníà

Bàbá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ilé ńkọ́? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn èjìrẹ́ ò máa fìtínà yín jù? A dúpẹ́ níhìn-ín.

Mo fi àwo kan rán àbúrò mi tó ń bọ̀ nílé sí ọ. Kó o tó sọ pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tìẹ, gbọ́ tèmi ná: onígìtá béèsì bíi tìẹ ló ṣà á jọ. Phil Lesh ni, ti ẹgbẹ́ Grateful Dead. Fayolíìnì àti tròḿpẹ́ẹ̀tì ló kọ́ ní kékeré. Kò ta béèsì rí nígbà tí Jerry Garcia, onígìtá àti akọrin ẹgbẹ́ náà, ní kó wá bá àwọn ṣeré ní 1965. Bóyá ìyẹn ni béèsì rẹ̀ kì í fi í dúró sójú kan.

Fallout from the Phil Zone lorúkọ àwo náà, 1997 ló jáde. Phil Zone ni àwọn olólùfẹ́ wọn ń pe iwájú ìtàgé níbi tó máa ń dúró sí. Orin mọ́kànlá ni, ojú agbo ni wọ́n ti gba gbogbo wọn sílẹ̀, láti 1967 títí dé 1995.

Ṣé o rò pé ibi tóun fúnra rẹ̀ ti dárà ló kó jọ? Rárá o. Mẹ́ta nínú orin wọ̀nyẹn, Pigpen, akọrin ẹgbẹ́ wọn tó kú ní 1973 lọ́mọ ọdún 27, ló kọ wọ́n. Ọ̀kan tí wọ́n kọ ní Rio Nido, ní Kalifóníà níbí, ní 1967 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 30! Wilson Pickett tó kọ́kọ́ gbé orin yẹn jáde kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ẹ̀. Pigpen kàn ń fà á lọ ṣáá, àwọn yòókù ń gbè é lẹ́yìn. Ìwọ tó ń bá wọn ṣeré jùjú mọ́jú, kò lè sú ọ.

Wọ́n tún mú ọ̀kan láti Philadelphia, oṣù kẹta 1995, nígbà tí ikú Garcia ò ju oṣù márùn-ún lọ mọ́. Àárẹ̀ hàn nínú ohùn rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá wá alẹ́ tí ohùn rẹ̀ já gaara. Lesh fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Box of Rain ló fi parí ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ṣe ohùn orin náà kó lè máa kọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ tí jẹjẹrẹ dá dùbúlẹ̀, Robert Hunter ló bá a fi ọ̀rọ̀ sí i. Ká sòótọ́, ohùn rẹ̀ ò dùn tó ti Garcia. Béèsì abẹ́ rẹ̀ ni kó o tẹ́tí sí.

Bó o bá ní kí ló kàn wá nínú wọn: Mickey Hart, onílù wọn, ló kó Babatúndé Ọlátúnjí àti Síkírù Adépọ̀jù ọmọ Èrúwà sínú àwo rẹ̀, Planet Drum, ní 1991. Gángan Síkírù wà nínú àwo tó gba Grammy yẹn.

Lesh náà kú ní oṣù kẹwàá 2024. Inú sídíì kejì ni ti Rio Nido wà, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ta á bó ṣe wù ọ́, kó o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́