Ẹ má sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó máa fọwọ́ di jíà mú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ojú ewé ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí bí ìwé ìròyìn yín bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, ẹnì kan kọ̀wé pé jíà ọkọ̀ àtijọ́ òun máa ń yọ lórí eré, á sì bọ́ sí fíríì, níbi tí jíà kankan kò ti wọlé, fúnra rẹ̀. Èsì tí ẹ fún un ni pé kó máa fọwọ́ di ọ̀pá jíà mú títí yóò fi rówó sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, kó sì fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Apá méjèèjì èsì yẹn ló dùn mí, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn dé.

Ìjàpá ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, Volkswagen ọdún 1967. Jíà kẹrin rẹ̀ kì í dúró. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìyẹn pẹ́dáàlì tó ń mú ọkọ̀ sáré, ọ̀pá jíà á ta síwájú, ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ọkọ̀ á wá máa dá sáré lọ. Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ni ọkọ̀ wa ní lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ó bá sì ti gbóná jù, kì í mú bó ṣe yẹ mọ́. Bàbá mi á ní, “Ọmọ mi, bá mi di jíà mú.” Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á na ọwọ́, mo á fa ọ̀pá náà sẹ́yìn, mo á sì dì í mú títí a ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó máa ń gbọ̀n nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ọkọ̀ di tèmi, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ó tú ẹ́ńjìnnì, ó sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó fi tòkunbọ̀ kan síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí jíà kẹrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Jíàbọ́ọ̀sì mìíràn, àìsàn kan náà! Síbẹ̀, ohun tó sọ ni pé ká tún wá òmíràn.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ló gbà mí. Ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. “Ṣé jíà kan ṣoṣo ló ń yọ? Ṣé ìgbà tó o bá tẹ iná ni, àbí ìgbà tó o bá gbé ẹsẹ̀? Bó o bá ń tẹ̀ ẹ́, tó o tún ń gbé ẹsẹ̀, ṣé ọ̀pá jíà máa ń rìn?” Ìgbà yẹn ni mo rántí pé kejì náà máa ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kejì àti kẹrin Ìjàpá, ẹ̀yìn la máa ń fa méjèèjì sí. A jọ wọ ọkọ̀, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ọ̀pá. Mo tẹ iná, orí ọ̀pá sún. Mo gbé ẹsẹ̀, ó sún padà, ó fẹ̀ tó ìka kan. Bàbá ní ó ti tó, ká padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ abẹ́ Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, jíàbọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni ọ̀pá jíà wà. Irin gígùn kan tó gba inú ihò àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá ló so wọ́n pọ̀. Síìtì onírọ́bà mẹ́ta ni jíàbọ́ọ̀sì jókòó lé, ọ̀kan ní imú, méjì lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kò ní síìtì tirẹ̀. Ara jíàbọ́ọ̀sì ni wọ́n dè é mọ́, nítorí náà rọ́bà mẹ́ta yẹn ló gbé ẹrù àwọn méjèèjì. Bí rọ́bà bá ti ya, gbogbo ìgbà tí a bá tẹ iná tàbí tí a gbé ẹsẹ̀ ni jíàbọ́ọ̀sì á sún. Irin gígùn kò ní bá a sún dọ́gba, á sì fa jíà yọ. Jíàbọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Bàbá fi irin gbé imú jíàbọ́ọ̀sì díẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Rọ́bà iwájú ti bó kúrò lára irin rẹ̀, ọ́ìlì ti jẹ ẹ́ rọ̀, mo ki èékánná bọ àárín wọn. Lẹ́yìn náà a fi sípánà 13 tú bóòtù méjì tó di ìdí ọ̀pá jíà mú. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó jókòó sí, torí bí èèyàn bá dá irin pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ padà lódì, jíà kò ní wọlé dáadáa. Bọ́ọ̀ṣì oníke tó yẹ kó gbá irin gígùn mú ti fọ́, ègé méjì péré la rí ṣà. Ní abẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi ìsopọ̀ irin náà, rọ́bà ti jẹ tán, bóòtù olórí onígun mẹ́rin ibẹ̀ kò sì ní wáyà tó yẹ kó dè é kó má bàa tú. A ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ká tó lè fa jíàbọ́ọ̀sì sẹ́yìn fún rọ́bà iwájú, ṣùgbọ́n a kò ṣí inú jíàbọ́ọ̀sì rárá. Láti ọjọ́ náà, jíà kò yọ mọ́.

Mi ò sọ pé inú jíàbọ́ọ̀sì kì í bàjẹ́ o. Bí jíà kan ṣoṣo bá ń yọ, tí ọ̀pá kò sì rìn káàkiri, ó lè jẹ́ eyín tó ń gbá jíà mú ló ti jẹ. Wọ́n gé eyín yẹn kí ìdí rẹ̀ tín ju orí lọ díẹ̀, kí ẹrù agbára ẹ́ńjìnnì lè máa fa eyín àti jíà wọ inú ara wọn. Bí ó bá ti yí róbótó, ẹrù kan náà á máa tì wọ́n jáde, kò sì sí ọ́ìlì tó ki tó tó lè dá eyín padà. Ó tún lè jẹ́ sípíríǹgì tó ń fi bọ́ọ̀lù irin di jíà mú ló ti rọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fa ọ́ìlì jáde, kí wọ́n wo mágínẹ́ẹ̀tì ìdérí ìsàlẹ̀: ìyẹ̀fun irin dúdú kò burú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá èérún irin níbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n ṣí i.

Mo tún mú jíàbọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tọ Bàbá lọ, a ṣí i. Fọ́ọ̀kì tó ń ti jíà kẹta àti kẹrin ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó tín, ó ń dán bí dígí. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì nípọn bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ní Jámánì. Bí jíà bá ti wọlé tán, kò yẹ kí ẹrù wà lórí fọ́ọ̀kì mọ́. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà, fọ́ọ̀kì ló gbé e lé, á sì máa ha ara irin tó ń yí láìdúró. Ọwọ́ bàbá mi àti ọwọ́ tèmi ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún èsì yẹn kọ fún ẹni tó béèrè. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tí Bàbá bi mí kó tó náwó kankan, kí ó sì yẹra fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè títí ọkọ̀ yóò fi dára. Fọ́ọ̀kì náà wà nílé mi. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sójú ewé ọkọ̀, mo ṣe tán láti gbé e wá.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ọlọ́kọ̀ Ìjàpá 1967