Lẹ́tà sí Bàbá láti Yellow Springs

Yellow Springs, Ohio,
Ọjọ́ 12, oṣù Ṣẹẹrẹ, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màámi. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Dáre ní òun ti fún yín lówó oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn ni kí ẹ fi rà o, kì í ṣe ògùn kòkó.

Ìbéèrè tí ẹ bi mí lọ́jọ́ ọdún, tí nẹ́tíwọọ̀kì já mọ́ wa lẹ́nu, ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ ní irú èèyàn wo ló wà ní abúlé tí a wà, ṣé òyìnbó nìkan ni.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ abúlé tàn yín ná. Òfin Ohio ló pè é bẹ́ẹ̀: ìlú tí èrò rẹ̀ kò bá tíì tó 5,000, abúlé ni. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní 2020, 3,697 ni wọ́n bá níbí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wà, iná kì í lọ. Omi ìsun tí wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ ṣì ń sun nínú igbó. Irin inú omi náà ti sọ òkúta ibẹ̀ di pupa rúsúrúsú, àfi bíi pé èèyàn da epo sí i.

Òyìnbó ló pọ̀ jù, wọ́n tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwa dúdú kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn ará Éṣíà ò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí òbí wọn kan jẹ́ dúdú, tí èkejì jẹ́ funfun, ojú ń rí wọn dáadáa. Àwọn Shawnee ló ń gbé agbègbè yìí kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ti lé wọn lọ sápá ìwọ̀-oòrùn.

Ṣé ẹ rántí oṣù Ẹrẹ́nà 2006, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, tí a jókòó de àwọn akànìyàn? Wọn ò bi wá ní ẹ̀yà, wọn ò bi wá ní ẹ̀sìn, torí kí ìjà má bàa dé. Níbí, wọ́n ń béèrè awọ ara tààrà. Àpótí kéékèèké ni, o ó máa mú tìẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dúdú, wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí èèyàn kọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì kọ àpẹẹrẹ sí i: ará Jàmáíkà, ará Haiti, ará Nàìjíríà. Bàbá Tọ́lá kọ Nàìjíríà kíá. Èmi gba bírò, mo kọ Yorùbá sí tèmi. Ó ní ta ló fẹ́ mọ ìyẹn. Mo ní bàbá mi á mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kà á tán, ojú kan náà ni wọ́n kó èmi àti àwọn dúdú ìlú yìí sí, a ò sì jọra, Bàbá. Àwọn ti pẹ́ níbí. Ní 1862, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ọmọ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Moncure Conway kó àwọn ẹrú bàbá rẹ̀, bí ọgbọ̀n, láti Virginia wá tẹ̀dó síbí, kí wọ́n lè di òmìnira. Bí àwọn dúdú bá rí mi ní ṣọ́ọ̀bù, "sister" ni wọ́n ń pè mí. Kí n wá lanu sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á ní, ibo lo ti wá?

Ẹ gbọ́ ti Wheeling Gaunt. Wọ́n bí i sóko ẹrú ní Kentucky. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi fowó ra ara rẹ̀, ó ra ìyàwó rẹ̀, ó wá síbí, ó sì là. Kó tó kú ní 1894, ó fi éékà ilẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún abúlé, pé owó tí wọ́n bá rí lórí rẹ̀ ni kí wọ́n máa fi ra fúláwà fáwọn opó ní gbogbo ọdún Kérésì. Wọn ò dáwọ́ ẹ̀ dúró dòní. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ṣúgà kún un.

Bí mo ṣe mọ̀: nínú oṣù Ọ̀pẹ, ìyá òyìnbó tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ilé wa pè mí kí n bá òun gbé ẹrù wọlé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú. Fúláwà àti ṣúgà ló wà lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ti bọ́ sórí rẹ̀. Ibi tó ti ń nu tábìlì ló ti rọ ìtàn náà fún mi. Ó ní òun ò lè ṣe kéèkì mọ́, ó bù púpọ̀ fún mi. Mo po fúláwà náà, mo fi yíìsì àti ṣúgà sí i, mo dín puff-puff, mo gbé abọ́ kan lọ fún un. Ó jẹ mẹ́fà! Mò ń wò ó bó ṣe ń lá ìka. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹrú ló ń bọ́ ọ, láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. N ò sọ ọ́ síta o.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé áńgẹ́lì ni gbogbo wọn. Coretta Scott, tó wá di ìyàwó Martin Luther King, kọ́lẹ́ẹ̀jì ibí ló lọ. Nígbà tó yẹ kó lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò, wọn ò gbà á ní ilé ìwé ìlú torí pé ó dúdú. Ní 1964 ẹ̀wẹ̀, onígbàjámọ̀ kan kọ̀, kò gẹrun fún dúdú. Ó ní òun ò mọ irun wọn gẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, dúdú àti funfun, jókòó sójú títì, ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n sì kó èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọkùnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹ wò ó, títí dòní Dayton ni Bàbá Tọ́lá ń wa mọ́tò lọ láti gẹrun, lọ́dọ̀ ọmọ Ìbàdàn kan.

Àwọn dúdú ń dín kù níbí ṣá. Ilé ti gbówó lórí, àwọn ọmọ ń kó lọ síbi tí apá wọ́n ká.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ni abúlé tiwa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìgbìrà tó ń roko fún wa, Ìsòbò tó ń fọ́ epo, Fúlàní ẹ̀yìn odò, àti àwọn tó ti apá Ọ̀ṣun wá dá kòkó kí ẹ tó bí mi, tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ títí dòní. Ọmọ bàbá elépo, tó gbọ́ Oǹdó jù mí lọ, ṣebí ojú mi ni wọ́n ṣe ní kó jókòó nípàdé, pé àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí báyìí.

Ẹ bá mi kí i. Bí àwọn akànìyàn bá tún dé, ẹ bá mi bi í léèrè ohun tó máa pe ara rẹ̀.

Tọ́lá ní kí n sọ fún yín pé òun ti lè ka ení, èjì dé ogún. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú àpòòwé.

Ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀.