Abẹ́rẹ́ tó gún ọmọ mi

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kan ní Kétu. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún èrìgì aláìsàn gún un níka. Ọ̀gá ní kó fi ọtí nù ún, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọtí kẹ̀! Ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kéèyàn sì sáré dé ilé ìwòsàn: bí wákàtí 72 bá kọjá, oògùn tó ń dènà kòkòrò Éèdì kò wúlò mọ́. Mẹ́dọ̀wú B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B, tilẹ̀ ń tètè ranni ju Éèdì lọ, bẹ́ẹ̀ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 6. Ọ̀gá ló yẹ kó sanwó rẹ̀. Èmi ni mo san ti ọmọ mi.

Ìyá ọmọ iṣẹ́ kan, Kétu