Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sun páálí Bàbá

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ara mi le, òtútù ibí nìkan ló fẹ́ gé mi létí dànù. Mo gbọ́ ohùn tí Bọ̀dá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé àwọn fẹ́ kó gbogbo páálí nẹ́gátíìfù Bàbá (fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ àwọn fọ́tò tí wọ́n yà) síta kí wọ́n dáná sun ún, torí wọ́n fẹ́ fi yàrá yẹn gba ayálégbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá wọn dúró ná.

Ẹ wò ó, Nebraska ní Amẹ́ríkà tí mo wà yìí, tẹ́ ẹ bá ti jáde nílùú báyìí, pápá lásán ni. Láyé ijọ́un ìjọba ṣòfin lọ́dún 1862 pé ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ fún ọdún 5 tó sì dáko síbẹ̀, éékà 160 á di tiẹ̀ (ilẹ̀ onílẹ̀ ni o, wọ́n ti lé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ni ín kúrò). Ayafọ́tò kan wà, Solomon Butcher, ó bá bàbá ẹ̀ wá síbí ní 1880, àmọ́ iṣẹ́ oko ò bá a lára mu, kò pẹ́ rárá tó fi pa ilẹ̀ ẹ̀ tì, àfi bíi Bàbá wa tó sá kúrò lóko kòkó. Ó ṣí ilé fọ́tò, nígbà tó sì di 1886 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri agbègbè Custer County ní Nebraska, ó ń ya àwọn àgbẹ̀ níwájú ilé wọn.

Igi ò sí níbẹ̀, koríko tòun ti gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù fi kọ́lé. Ìyàwó ilé kan wà tójú ń tì, kò fẹ́ káwọn èèyàn ẹ̀ rí i pé ilé koríko lòun ń gbé, wọ́n bá wọ́ dùùrù jáde sí gbangba, gbogbo wọn dúró tì í, ni Butcher bá yà wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí, torí Màámi, mọ́tò tí mo fara tì nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ síyín yẹn, ti ọ̀gá mi ni o, ẹ má bínú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìdílé Shores, 1887. Èèyàn dúdú ni wọ́n, Jerry Shores ti ṣe ẹrú rí, òun náà wá gba ilẹ̀ tiẹ̀, ó jókòó síwájú ilé ẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀. Mo wò ó, wò ó.

Lọ́dún 1899 ilé Butcher jó, fọ́tò àti ìtàn tó ti kọ sílẹ̀ jó mọ́ ọn, àwọn nẹ́gátíìfù onígíláàsì nìkan ló yè torí ibòmíì ló tò wọ́n sí. Ìgbà tó dàgbà ó tà wọ́n fún ìjọba ìpínlẹ̀, ó lé ní 3,000, owó tó rí gbà ò ju $600 lọ. Ìlú Lincoln níbí ni wọ́n wà dòní, àwọn ọmọ ọmọ àwọn àgbẹ̀ yẹn ṣì ń wá bàbá wọn nínú ẹ̀.

Ta ló mọ iye ìyàwó àti ọmọ ìkómọ tó wà nínú páálí Bàbá? Ẹ sọ fún Bọ̀dá kó gbé wọn sí yàrá mi, kó fi pákó tẹ́ abẹ́ ẹ̀ nítorí omi, kẹ́nikẹ́ni má fi àkísà tútù nù ún. Owó ilé oṣù mẹ́ta tí ayálégbé ì bá san, èmi ni màá san án, màá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Àbẹ̀kẹ́ yín