Qi kì í ṣe iná mànàmáná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ló ń ká wa lára, ìyẹn bí a ṣe ń túmọ̀ ohun tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ń pè ní qi (ẹ pè é ní "tṣíì"), tí wọ́n gbà pé ó ń rìn nínú ara. Lórí rédíò, lójú ìwé ìròyìn, lẹ́nu àwọn tó ń polówó ọjà ní Wuse, Nyanya àti Mararaba, "agbára" ni wọ́n ń pè é. Àwọn míì tilẹ̀ ń pè é ní "iná ara". Ẹni tó bá ti gbà pé iná ni, kò ní pẹ́ gbà pé a lè rà á kún ara bí a ṣe ń ra yúnìtì sínú mítà. Òun ni wọ́n ṣe ń rí ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn "alágbára" tà. Òun náà ni wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan kiri, tí èèyàn á dì mú fún ìṣẹ́jú kan, tí á sì to orúkọ àrùn jọ sójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń wọn qi.

Ìtumọ̀ yìí kò ti Ṣáínà wá. Ará Faransé kan, Georges Soulié de Morant, ló gbé e ká Yúróòpù nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1939. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún agbára iná àti ti epo ló fi túmọ̀ rẹ̀, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àmì tí wọ́n fi ń kọ qi láyé àtijọ́: ìrẹsì wà nísàlẹ̀, ooru ń ru lókè rẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò ìrẹsì ka iná kí ẹ lóye rẹ̀. Bí omi bá ti hó, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọrí, ọmọrí á máa gbọ̀n, ìrẹsì á máa wú. Ooru yẹn kò dá wà lọ́tọ̀. Iná, omi àti ìrẹsì ló pàdé tó fi wà. Bí ẹ bá gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ẹ kò ní rí i bù sínú ike.

Lójú àwọn oníṣègùn yìí, bí ó ṣe rí nínú ara nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ni qi ń gbà wá: èyí tí a gbà lára òbí, tí wọ́n ní inú kíndìnrín ló ń gbé, èyí tó ń ti oúnjẹ wá, àti èyí tí ẹ̀dọ̀fóró ń fà nínú afẹ́fẹ́. Apá kan ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Apá kan ń ṣọ́ awọ ara, ó ń mú un móoru, ó ń ṣí ojú ihò òógùn, ó ń tì í. Tí ọyẹ́ bá dé Àbújá, tí ètè là, tí imú gbẹ, wọn á ní gbígbẹ ń bá ẹ̀ṣọ́ yìí jà, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń kọ́kọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ohun gbígbóná láàárọ̀ ju omi yìnyín lọ, ẹni tó sì ń mu ògì gbígbóná kò jìnnà sí ìmọ̀ràn wọn.

Ibi tí àṣìṣe ti ń pa èèyàn lára ni ti oríṣi àìsàn. Bí iná ìkòkò bá kéré, ooru kò ní dé ọmọrí: qi dín kù nìyẹn. Iṣẹ́ díẹ̀ á mú aláìsàn mí hẹlẹhẹlẹ, ohùn á lọ sílẹ̀, òógùn á máa bọ̀ láìṣiṣẹ́, ìgbẹ́ á máa rọ̀. Bí qi náà bá rọ̀ wálẹ̀ jù, ilé ọmọ tàbí ìdí lè yọ. Bí a bá fi nǹkan wúwo tẹ ọmọrí mọ́lẹ̀, qi há nìyẹn: ìhà á máa le, ikùn á wú, ìrora á máa rìn kiri, ìbínú á sì tún mú un le sí i. Bí qi bá sì gba òdì lọ, ohun tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ nínú ikùn á gòkè, á di èébì tàbí òsúkè. Ẹni tí tirẹ̀ há, tí ẹ fún ní ginseng, gbòǹgbò egbòogi kan, nítorí pé "agbára" rẹ̀ dín, ẹ ti fi iná kún ìkòkò tí ẹ dí lẹ́nu: ikùn á tún wú sí i, orí á fọ́, oorun á sá. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ginseng láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ti abẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣègùn yìí fi ń gún ojú ibi kan lára nítorí qi náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ojú ibi 361 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Zusanli. Ẹ jókòó, ẹ tẹ orúnkún, ẹ fi ìka mẹ́rin wọn ìsàlẹ̀ egungun ríbítí orúnkún lápá òde, kí ẹ wá fi ìbú ìka kan kúrò létí egungun ojúgun. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun, nǹkan bí 0.25 mílímítà, ni wọ́n máa ń gún síbẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n ń pè ní "qi dé" kì í ṣe bí iná ṣe ń gbé èèyàn. Ó máa ń wúwo, ó máa ń ro ni díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á fẹ́ kú. Bí ó bá ta bí iná tàbí bí ọ̀bẹ, kí wọ́n yọ ọ́: iṣan ìmọ̀lára ló kàn. Ẹ rí i pé ojú yín ni wọ́n ṣe já ọ̀rá abẹ́rẹ́ náà, nítorí èyí tí wọ́n ti gún ẹlòmíràn lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí HIV ranni. Abẹ́rẹ́ tó jìn ní àyà tàbí ẹ̀yìn òkè lè gún ẹ̀dọ̀fóró. Aláboyún kò gbọdọ̀ gbà á sí Hegu, ìyẹn láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá.

Àwọn kan ní ká pe qi ní àṣẹ. Kò bá a mu: ẹnu ni àṣẹ ń gbà ṣiṣẹ́, ìsọ̀rọ̀ ló ń mú un ṣẹ. Ẹ̀mí náà kò bá a mu, torí kò sí ẹni tó ń jẹ ìrẹsì fi pọ̀ sí i. Èémí ló sún mọ́ ọn jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti imú kò ju ọ̀kan nínú mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi qi sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ sì fi "èémí inú ara" là á yé àwọn òǹkàwé.

Àwa òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá